Ìyá Òòrẹ̀ àti Òkúta Keje

Ààlọ́ o!

— Ààlọ̀!

Mo ní, ààlọ́ o!

— Ààlọ̀!

Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé, kí ẹni tó ń tòògbé lè gbọ́: ààlọ́ o!

— Ààlọ̀!

Ẹ ṣé. Ẹ sún mọ́ra. Ẹni tó ń jẹ ẹ̀pà, kó máa rọra fọ́ ọ. Ààlọ́ mi gbéra, ó gba inú koríko lọ, ó lọ fẹsẹ̀ kọ òkúta. Òkúta ta ni? Òkúta Ìyá Òòrẹ̀ ni. Bí mo bá kọrin, kí ẹ gbè é. Ègbè rẹ̀ kò le, "Kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀" ni. Ẹ jẹ́ ká dán an wò.

— Kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀!

Ó dáa. Ẹ fi í sẹ́nu, a máa lò ó.

Ní ayé àtijọ́, nígbà tí ẹranko ń sọ̀rọ̀ tí ara wọn ń gbọ́ ọ, odò kan wà. Ìhà ìhín odò náà, ọ̀dàn ni. Ìhà ọ̀hún, igbó ni. Àwọn tó ń gbé inú koríko ń jẹ́ Ará Ọ̀dàn. Àwọn tó ń gbé abẹ́ igi ńlá ń jẹ́ Ará Igbó. Odò náà jìn. Ojú kan ṣoṣo ni omi rẹ̀ ti mọ ní orúnkún. Wọ́n ń pe ibẹ̀ ní Ìkọjá.

Kí ni mo ń fi ọ̀rọ̀ odò ṣe? Nítorí iná ni. Lọ́dọọdún, tí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú, tí koríko bá gbẹ, àwọn ọdẹ a ti iná bọ ọ̀dàn. Iná a máa bọ̀. Ará Ọ̀dàn a máa sá. Ibo ni wọ́n ń sá lọ? Ìkọjá náà ni. Ẹni tó bá jẹ́ Olórí Ìkọjá ló ń sọ ẹni tó máa kọ́kọ́ kọjá. Ó lè ní, "Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọdé ṣáájú." Ó sì lè ní, "Ẹ̀yin kéékèèké, ẹ dúró ná."

Ẹ wo ọ̀rọ̀ méjì yẹn. Ẹnu kan náà ló ń sọ wọ́n. Ọ̀kan ìyè, ọ̀kan ikú.

Ọdún mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n ń yan Olórí Ìkọjá. Ará Ọ̀dàn a fa ẹnì kan kalẹ̀. Ará Igbó a fa ẹnì kan kalẹ̀. Àwọn méjèèjì a lọ dúró sétí omi. Gbogbo ẹranko tó ń mu odò náà a tò sẹ́yìn ẹni tó wù wọ́n. Ẹni tí ìlà rẹ̀ bá gùn jù, òun ni olórí.

Ìnàkí ló wà lórí oyè náà lásìkò yìí. Ará Igbó ni Ìnàkí. Igbó kì í jóná bọ̀rọ̀, nítorí náà, Ìnàkí kì í kánjú. Nígbà tí iná dé lọ́dún tó kọjá, ó ní kí àwọn ńlá ṣáájú. Àwọn ńlá ṣáájú. Wọ́n rọra ń kọjá, wọ́n ń mu omi lọ́nà. Ọ̀yà dúró létí odò pẹ̀lú ọmọ mẹ́fà. Nígbà tó fi kàn án, ọmọ mẹ́rin ló bá a wọ omi.

Ẹ má sunkún. Ààlọ́ ni. Ṣùgbọ́n Ọ̀yà sunkún.

Ó wá di pé ọdún mẹ́ta pé. Ẹ̀ẹ̀rùn mú. Èéfín kan yọ lẹ́yìn òkè, ó tín-ín-rín bí òwú. Ará Ọ̀dàn ní, "Ó yá o. Ta la máa fà kalẹ̀?"

Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń mọ ẹni tí wọ́n máa fà kalẹ̀. Igi oṣè kan wà láàrin ọ̀dàn. Wọ́n so ọ̀pá gígùn kan rọ̀ mọ́ ẹ̀ka rẹ̀, àárín ọ̀pá ni okùn wà. Apẹ̀rẹ̀ kan rọ̀ lápá ọ̀tún, apẹ̀rẹ̀ kan rọ̀ lápá òsì. Ẹnì kan ló ni apẹ̀rẹ̀ kan. Ilé kọ̀ọ̀kan a mú òkúta kan wá, tí kò tóbi ju ẹyin adìyẹ lọ, a fi sínú apẹ̀rẹ̀ ẹni tó fẹ́. Apẹ̀rẹ̀ tó bá kanlẹ̀ ló borí. Ẹ má bi mí pé ẹyẹ ńkọ́. Ẹyẹ ń fò, kí ló kàn án nínú Ìkọjá?

Ó rọrùn, àbí? Kò rọrùn.

Àwọn àgbà méje wà lórí àpáta. Kò sílé tó yàn wọ́n. Ìyá wọn tàbí bàbá wọn ló jókòó síbẹ̀, àwọn náà wá jókòó síbẹ̀. Àgbà kọ̀ọ̀kan ní òkúta tirẹ̀, òkúta tó tóbi tó orí ewúrẹ́. Bí ogún ilé bá pa tiwọn pọ̀, kò wúwo tó ọ̀kan.

Ẹ má tíì bínú sí wọn. Ó nídìí. Láyé àwọn ìyá ìyá wọn, kò sí òkúta àgbà rárá. Ilé nìkan ló ń yàn. Wọ́n yan Ọ̀kẹ́rẹ́. Ẹnu Ọ̀kẹ́rẹ́ dùn. Ó ní iná kì í jó ẹni tó bá ń rẹ́rìn-ín. Iná ń bọ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Iná dé, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀kẹ́rẹ́ gun igi lọ.

Ìyá àgbà àti bàbá àgbà àwọn méje yìí ló fi ẹsẹ̀ tẹ iná náà pa lọ́jọ́ náà. Àwọn tó ṣẹ́ kù wá gbé òkúta ńlá fún wọn. Wọ́n ní, "Bí a bá tún ṣìnà lọ́jọ́ mìíràn, ẹ bá wa fi èyí fa apẹ̀rẹ̀ padà." Àṣà wá ni pé kí àgbà dúró títí ilé gbogbo yóò fi fi tiwọn sí i tán. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ di òfin. Wọ́n rò pé ojú á máa ti àgbà.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, Ẹfọ̀n jáde, ó lóun fẹ́. Etu jáde, ó lóun náà fẹ́. Ẹfọ̀n ga, ìwo rẹ̀ tẹ̀ bí ẹ̀ka igi. Etu kéré, ẹsẹ̀ rẹ̀ tín-ín-rín bí igi ìfọyín.

Ìyá Òòrẹ̀ ni àgbà keje. Arúgbó ni, ẹ̀gún ẹ̀yìn rẹ̀ ti funfun. Òun fúnra rẹ̀ a máa ní, "Mi ò mọ̀ bóyá mo mọ nǹkan kan. Ìdí mi ló mọ àpáta." Ihò rẹ̀ kò jìnnà sí ilé Ọ̀yà. Tí àwọn ọmọ Ọ̀yà bá ń jà, ó ń gbọ́. Láti ọdún tó kọjá, ìjà wọn kò pariwo tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́.

Ọjọ́ kan, Ìmàdò wá sílé rẹ̀. Ìmàdò ni olórí àwọn àgbà orí àpáta. Ó gbé iṣu méjì wá.

"Ìyá Òòrẹ̀, ẹ kú ilé o."

"O káre, Ìmàdò. Iṣu kí nìyẹn?"

"Tiyín ni. Mo ní kí n fi kí yín. Ìyá, wọ́n ní Ẹfọ̀n ni ká fi òkúta wa fún."

"Wọ́n ní? Àwọn wo ni wọ́n?"

"Èmi ni."

"Ilé kankan ò tíì mú òkúta jáde, Ìmàdò."

"Kí ni ilé mọ̀? Ẹfọ̀n tóbi. Ó sì ti ṣèlérí àbàtà etí odò fún àwa àgbà, ká máa rí ibi tútù sùn sí."

Ìyá Òòrẹ̀ wo iṣu. Iṣu náà dára. Itọ́ dà lẹ́nu rẹ̀. Ó ní, "Gbé e lọ. Bí mo bá jẹ ẹ́, á máa bá mi sọ̀rọ̀ nínú."

Ìmàdò gbé iṣu rẹ̀, ó lọ. Lọ́jọ́ náà, èéfín ẹ̀yìn òkè ti nípọn tó okùn.

Ó padà wá lẹ́ẹ̀kejì. Lọ́tẹ̀ yìí, ọwọ́ lásán ló gbé wá. Ọ̀rọ̀ ló wà lẹ́nu rẹ̀.

"Ìyá, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Ẹ mọ Ìnàkí?"

"Mo mọ̀ ọ́n."

"Bó bá fọwọ́ lu àyà, gbì, gbì, gbì, kí ni Etu máa ṣe?"

Ìmàdò fúnra rẹ̀ ló dáhùn.

"Á sá wọ koríko! Ta ló máa tò sẹ́yìn ẹni tó ń sá? Bí a bá fa Etu kalẹ̀, Ìnàkí á tún gbà á. Ọdún mẹ́ta mìíràn nìyẹn. Ọmọ Ọ̀yà ku mẹ́rin. Mélòó lẹ fẹ́ kó ṣẹ́ kù?"

Ọ̀rọ̀ yìí wọ Ìyá Òòrẹ̀ lára. Bí Ìmàdò ti lọ tán, kò lè jẹun. Ó jókòó, ó dìde, ó tún jókòó. Bí irọ́ ni, ìbá gbàgbé rẹ̀. Kò jọ irọ́. Ó wá dìde, ó wọ́ ẹsẹ̀ lọ sílé Ọ̀yà.

"Ọ̀yà, ta lo fẹ́ fi òkúta rẹ fún?"

"Etu ni, Ìyá."

"Ṣé o ò bẹ̀rù Ìnàkí ni?"

"Mo bẹ̀rù rẹ̀ kọjá kí n sọ ọ́." Ọ̀yà ń gé koríko lẹ́nu bó ti ń sọ̀rọ̀, kò gbójú sókè. "Ìyá, lọ́jọ́ iná ọdún tó kọjá, Ẹfọ̀n gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá. Mo kí i. Mo ní, 'Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi gbé ọ̀kan.' Kò dáhùn. Etu ti kọjá ní tirẹ̀. Ó ti wà lókè ọ̀hún, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti gbẹ. Ó padà wá. Ó gbé àbígbẹ̀yìn mi sẹ́yìn. Mo gbọ́ bí àyà rẹ̀ ṣe ń lù, pì, pì, pì. Ẹ̀rù ń bà á. Ṣùgbọ́n ó padà wá."

Ìyá Òòrẹ̀ ní, "Hẹn-ẹn." Ó lọ sílé. Kò tún jẹun.

Ìmàdò padà wá lẹ́ẹ̀kẹta. Kò kí i.

"Àwa mẹ́fà ti fẹnu kò. Ìkookò ti gbà. Ìgalà ti gbà. Ẹ̀yin nìkan ló kù. Lọ́la, kí oòrùn tó yọ, a máa gbé òkúta wa síbẹ̀."

"Kí ilé tó dé?"

"Kí ilé tó dé."

"Àṣà kọ́ nìyẹn."

"Ṣé òfin ni? Ẹ fi òfin náà hàn mí." Ìmàdò súnmọ́ ọn, ó sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́. "Ìyá, òkúta kò lórúkọ. Bí ọwọ́ yín bá ti ń gbọ̀n tí ẹ ò lè gbé e mọ́, a máa wá ẹlòmíràn tó máa jókòó síbẹ̀ fún yín."

Ó lọ. Ẹ̀gún ẹ̀yìn Ìyá Òòrẹ̀ ń dún ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́. Òun kọ́ ló ń mì í. Ara rẹ̀ ló ń gbọ̀n. Ó wo ẹ̀yìn òkè. Èéfín ti dúró bí ògiri.

Ilẹ̀ mọ́. Ará Ọ̀dàn jáde. Ilé wọn pọ̀ bí eéran. Ehoro jáde, Òkété jáde, Ọ̀yà jáde, oníkálukú pẹ̀lú òkúta lọ́wọ́. Wọ́n ń kọrin lọ. Ẹ bá mi gbè é:

Òkúta ilé mi ò tóbi,
— Kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀.
Àtẹ́lẹwọ́ ni mo fi gbé e,
— Kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀.
Èéfín ń bọ̀ lẹ́yìn òkè,
— Kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀.
Mo ń lọ fi tèmi kún tìrẹ,
— Kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀.

Wọ́n dé ìdí oṣè. Orin kú lẹ́nu wọn.

Apẹ̀rẹ̀ Ẹfọ̀n ti wà nílẹ̀. Òkúta àgbà mẹ́fà ló wà nínú rẹ̀. Apẹ̀rẹ̀ Etu ńkọ́? Ẹ̀yin náà ẹ rò ó. Ọ̀pá kan náà ni. Bí apá kan bá lọ sílẹ̀, apá kejì a lọ sókè. Apẹ̀rẹ̀ Etu ti lọ sókè, ó rọ̀ sáàárín ewé, ọwọ́ Ehoro kò tó o, ẹsẹ̀ Òkété kò tó o, imú Ọ̀yà kò tó o.

Àwọn àgbà mẹ́fà jókòó sórí àpáta, wọ́n ń wò wọ́n.

Ehoro fò, ó ju òkúta rẹ̀. Òkúta lọ sókè, ó padà, ó bọ́ sórí Òkété, kò!

"Yéè! Orí mi o!"

"Má bínú, ẹ̀gbọ́n. Apẹ̀rẹ̀ ni mo sọ."

"Ṣé orí mi wá jọ apẹ̀rẹ̀ ni?"

Ehoro kọjú sí àpáta. "Bàbá Ìmàdò, ọwọ́ wa ò tó o."

Ìmàdò ní, "Kò sẹ́ni tó ní kẹ́ ẹ má fi òkúta sí i. Apẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀."

"Bàbá, ọ̀run ni ẹnu rẹ̀ ṣí sí."

"Ẹ dàgbà sí i díẹ̀."

Àwọn tó wà lórí àpáta rẹ́rìn-ín. Ìgalà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín dénú. Ó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Òkété fọwọ́ pa orí rẹ̀. Ó wo òkè, ó wo ilẹ̀. Ó rìn lọ sídìí apẹ̀rẹ̀ Ẹfọ̀n, ó fi òkúta rẹ̀ sínú rẹ̀.

Ehoro ní, "Òkété! Etu lo sọ pé o fẹ́!"

"Etu ni mo fẹ́. Ṣùgbọ́n èyí ló wà nílẹ̀. Mi ò lè gbé òkúta padà relé, kí ìyàwó mi máa bi mí léèrè."

Àwọn bíi mélòó kan ṣe bíi tirẹ̀. Àwọn yòókù yí padà. Wọ́n ní, "Ẹ jẹ́ ká lọ palẹ̀ ẹrù mọ́. Iná ń bọ̀. Wọ́n ti yan ẹni tí wọ́n yàn." Orin tí wọ́n kọ lọ kọ́ ni wọ́n kọ bọ̀. Ẹ bá mi rọra gbè é:

Apẹ̀rẹ̀ ti gòkè lọ,
— Kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀.
Ọwọ́ kúkúrú ò tó o mọ́,
— Kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀.
Mo gbé òkúta mi relé,
— Kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀.
Kí ni n ó sọ fọ́mọ mi?
— Kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀.

Ọ̀yà kò lọ. Ó ju òkúta rẹ̀ sókè. Ó padà. Ó jù ú lẹ́ẹ̀kejì. Ó kan etí apẹ̀rẹ̀, ó padà. Ó jù ú lẹ́ẹ̀kẹta. Ó padà, ó bà á nímú, ẹ̀jẹ̀ yọ. Ọ̀yà mú òkúta náà, ó nù ún mọ́ irun àyà rẹ̀. Ó wo èéfín. Ó wo àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó tún múra láti jù ú.

Ibi tó wà nìyẹn nígbà tí Ìyá Òòrẹ̀ dé. Iwájú orí ló fi ń ti òkúta rẹ̀ bọ̀. Yóò tì í, yóò mí. Yóò tì í, yóò mí. Eruku bò ó lójú.

Ìmàdò dìde lórí àpáta. "Ìyá! Mo mọ̀ pé ẹ máa wá. Ẹ jẹ́ kí Ìkookò bá yín gbé e. Apẹ̀rẹ̀ Ẹfọ̀n rèé."

Ìyá Òòrẹ̀ dúró láàrin apẹ̀rẹ̀ méjèèjì. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ fún yín, nítorí kò sọ ọ́. Ó ń bẹ̀rù Ìnàkí. Ó ń bẹ̀rù pé Etu lè sá. Ó ń rántí Ọ̀kẹ́rẹ́, nítorí inú iná Ọ̀kẹ́rẹ́ ni ẹ̀gún ìyá ìyá rẹ̀ ti jó. Bó bá fi òkúta rẹ̀ fún Ẹfọ̀n, á sùn dáadáa, ìjókòó rẹ̀ á sì wà níbẹ̀. Bó bá ní Etu lòun fẹ́, ọwọ́ tirẹ̀ náà kò tó apẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan kò sì lè fa mẹ́fà.

Ó wá rí ẹ̀jẹ̀ nímú Ọ̀yà.

Ó tẹrí ba, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í ti òkúta. Kò tì í lọ sídìí apẹ̀rẹ̀ Ẹfọ̀n. Ó tì í lọ sísàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀ Etu.

Ìmàdò rẹ́rìn-ín. "Ìyá, ọwọ́ yín ò tó o. Ẹ ò lè gbé e débẹ̀."

"Ta ló sọ fún ọ pé mo fẹ́ gbé e?"

Ó ti òkúta náà títí ó fi wà gán-án lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí apẹ̀rẹ̀ máa sọ̀kalẹ̀ sí. Ó fẹsẹ̀ wa ilẹ̀, ó fi erùpẹ̀ ki ìdí rẹ̀, kó má baà mì. Ó fọwọ́ gbá a wò. Ó dúró.

"Ọ̀yà! Wá gùn ún."

"Hẹ̀n?"

"Mo ní wá gùn ún. Òkúta ni. Kò ní í gé ọ jẹ."

Ariwo sọ lórí àpáta. Ìmàdò ké, "Òkúta àgbà ni! A kì í fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́!"

Ìyá Òòrẹ̀ kọjú sí i. Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n ó jáde. "Wọ́n ní ká fi fa apẹ̀rẹ̀ tó bá ṣìnà padà. Ohun tí mò ń fi ṣe nìyẹn. O ní òkúta kò lórúkọ. Ó dáa, kò lórúkọ. Jẹ́ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́."

Ọ̀yà gun òkúta. Ó na ara rẹ̀. Ó na ọrùn. Ó fi òkúta rẹ̀ sínú apẹ̀rẹ̀ Etu. A gbọ́ ọ, kò! Òkúta kékeré kan ṣoṣo. Ọ̀pá kò tilẹ̀ mì.

Ehoro ti sáré. Ó ń ké láti ojúlé dé ojúlé, "Ẹ padà! Ọwọ́ ti tó o! Ẹ padà!" Àwọn kan ti di ẹrù sórí. Àwọn kan ti gbé ọmọ pọ̀n. Wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀. Wọ́n wá òkúta wọn nínú koríko. Wọ́n ń bọ̀. Wọ́n tò. Ẹnì kan á gun òkúta, á fi tirẹ̀ sí i, á sọ̀kalẹ̀, ẹlòmíràn á gùn ún. Ẹ gbè é o, ẹ má jẹ́ kó tutù:

Òkúta kékeré wọlé,
— Kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀.
Òmíràn tún tẹ̀ lé e,
— Kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀.
Iná ń bọ̀, àwa náà ń bọ̀,
— Kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀.
Ọ̀pá, tẹ̀, jẹ́ n rójú rẹ,
— Kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀.

Òkété sáré lọ sídìí apẹ̀rẹ̀ Ẹfọ̀n, ó fẹ́ yọ òkúta rẹ̀. Ìyá Òòrẹ̀ ní, "Fi í sílẹ̀! Èyí tó o ti fi sí i, o ti fi sí i. Lọ pe àwọn ará ilé ẹ̀gbọ́n rẹ, wọn ò tíì wá." Òkété lọ. Orí wíwú náà ló gbé lọ.

Afẹ́fẹ́ yí padà. Òórùn èéfín dé. Àwọn ọmọdé ń wúkọ́. Apẹ̀rẹ̀ Etu ń sọ̀kalẹ̀ ní ìka kan, ìka kan. Ó dé orí Ehoro. Ó dé èjìká rẹ̀. Ó dé ìgbà kan, ọ̀pá dúró gbọọrọ, kò lọ síhìn-ín, kò lọ sọ́hùn-ún. Eérú kan fò wá láti ẹ̀yìn òkè, ó bà sórí Ọ̀yà.

Òkúta ń wọlé síbẹ̀. Ọ̀pá tẹ̀. Apẹ̀rẹ̀ Etu kanlẹ̀, gìn-ìn!

Òkúta ta ló fà á délẹ̀? Kò sẹ́ni tó mọ̀. Ehoro ní tòun ni, ṣùgbọ́n ẹ mọ Ehoro.

Wọn kò dúró yọ̀. Iná ti gun orí òkè. Wọ́n mú Etu, wọ́n sáré lọ sí Ìkọjá. Ìnàkí ti ń dúró dè wọ́n létí omi, Ará Igbó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó wo Etu. Ó ní, "Èyí ni ẹ fà kalẹ̀?" Ó fọwọ́ lu àyà. Gbì! Gbì! Gbì!

Etu fò sẹ́yìn. Ó wọ inú koríko.

Ìmàdò yíjú sí Ìyá Òòrẹ̀. "Ṣé ẹ rí i? Ṣé ẹ rí i báyìí?"

Ìyá Òòrẹ̀ ń wo koríko náà. Ẹ̀gún rẹ̀ ń dún. Ọ̀yà di ọmọ rẹ̀ mú.

Koríko mì. Etu padà wá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n bí ewé, ó ń gbọ̀n débi pé omi etí odò ń ru lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó wá síwájú Ìnàkí. Ó dúró.

Àwọn tó gbé òkúta fún un tò sẹ́yìn rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n bi yín: ká ní ilé ni wọ́n wà, tí wọ́n ń di ẹrù, ta ni ìbá tò? Ilé gbogbo wà níbẹ̀. Àwọn kéékèèké inú igbó náà rí i, àwọn náà yọ́ kúrò lẹ́yìn Ìnàkí lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n wá tò. Ẹfọ̀n dúró lápá kan, ó ń bínú. Nígbà tó rí iná, ó tò. Ìlà náà lọ, ó lọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan iná.

Etu wo ìlà. Ohùn rẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n gbogbo wọn gbọ́ ọ. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọdé ṣáájú."

Àwọn ọmọdé wọ omi. Iná ń ké lẹ́yìn wọn, ó ń fọ́ koríko bí eegun. Àwọn ńlá dúró, ara ń ta wọ́n, wọ́n dúró. Ìmàdò àti Ìyá Òòrẹ̀ ló wà lẹ́yìn pátápátá.

Ìmàdò ní, "Ìyá, ṣé ó dá yín lójú pé Etu á ṣe dáadáa?"

"Kò dá mi lójú."

"Kí ló wá dé tí ẹ fi ṣe é?"

"Bí wọ́n bá ṣìṣe, a jọ máa tún un ṣe ni. Bí àwa bá ṣìṣe fún wọn, kí ni wọ́n máa ṣe? Ṣé wọ́n máa wá bá àpáta jà ni? Gbẹ́sẹ̀, ìrù rẹ ń jó."

Lókè odò lọ́hùn-ún, Ọ̀yà dúró nínú ẹrẹ̀. Ó fimú kan àwọn ọmọ rẹ̀. Ọ̀kan. Méjì. Mẹ́ta. Ó wá ẹ̀kẹrin nínú koríko, kò rí i. Ó wò yíká, kò rí i. Àbígbẹ̀yìn ti sùn lọ lórí ẹ̀yìn Etu. Mẹ́rin.

Nígbà tí òjò rọ̀, tí koríko tuntun hù, Ará Ọ̀dàn padà sílé. Òkúta Ìyá Òòrẹ̀ ṣì wà nísàlẹ̀ oṣè, iná ti sọ ọ́ di dúdú. Wọ́n ní kó gbé e padà sórí àpáta. Ó ní ẹ̀yìn ń dun òun, ẹ fi í síbẹ̀. Wọn kò gba òkúta lọ́wọ́ àwọn mẹ́fà yòókù. Ọ̀kẹ́rẹ́ mìíràn lè wá. Ṣùgbọ́n wọ́n sọ àṣà di òfin: àgbà yóò dúró kí ilé kọ́kọ́ fi tiwọn sí i tán. Ìgalà ló kọ́kọ́ fọwọ́ sí i.

Síbẹ̀, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti ń bọ̀, Ìyá Òòrẹ̀ a máa jáde wo ẹ̀yìn òkè. Kì í fi bẹ́ẹ̀ sùn.

Ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ rèé, ẹ mú un dání: kò burú kí àgbà ní òkúta tó wúwo. Èyí tó burú ni kó kọ́kọ́ gbé e kalẹ̀, kó wá máa bi ọmọdé pé kí ló dé tí ọwọ́ rẹ̀ ò tó o. Ẹni tí kò sílé tó yàn án, kó jẹ́ kí àwọn ilé gun òkúta rẹ̀, kí ọwọ́ wọn lè tó o.

Ààlọ́ mi ti la omi kọjá, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti gbẹ. Ibi tó jókòó sí nìyí. Ẹ dìde, ẹ gbọn èèpo ẹ̀pà yẹn kúrò lórí ẹní mi.